Ẹja Tí N Kò Rí

Ìbéèrè kan ń da ọkàn mi láàmú láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àṣekágbá mi nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì: ǹjẹ́ ó tọ́ kí á ka ohun kan sí apanilára kí ó tó pa ẹnikẹ́ni lára?

Iṣẹ́ mi ni láti wo bí kẹ́míkà kan ṣe rí, kí n sì fi ìyẹn sọ ohun tí yóò ṣe fún ẹja inú omi, láìpa ẹja kankan. Ohun tí a kọ́kọ́ ń wò ni bóyá omi ni kẹ́míkà náà fẹ́ràn tàbí ọ̀rá. Láti nǹkan bí ọdún 1900 ni Meyer àti Overton ti ṣàkíyèsí lára àwọn ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ pé bí oògùn kan bá ṣe ń wọnú òróró ju omi lọ tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ láti kùn wọ́n lóorun ṣe ń pọ̀ tó. Ohun tó bá fẹ́ràn ọ̀rá á tètè fi omi sílẹ̀, á wọ ara ẹja lọ.

Ẹ wo methanol àti octanol. Ẹbí kan náà ni wọ́n. Kábọ́nù 1 ló wà nínú methanol, 8 ló wà nínú octanol. Kí ìdajì àwọn ẹja kéékèèké tí wọ́n fi ń dán kẹ́míkà wò tó kú láàárín wákàtí 96, methanol ní láti ju 20,000 mílígíráàmù lọ nínú lítà omi kan. Octanol kò nílò tó 20.

Ìṣirò yìí máa ń tàsé nígbà mìíràn. Acrolein kò fẹ́ràn ọ̀rá ju omi lọ, síbẹ̀ ìwọ̀n tí kò tó mílígíráàmù 1 nínú lítà kan ń pa ẹja, torí ṣe ló ń lẹ̀ mọ́ èròjà ara wọn, tó sì ń bà á jẹ́. Nítorí náà, ẹni tó ń ṣe ìṣirò kò gbọdọ̀ gbéra ga.

Nígbà tí mo wà ní ipele kejì, mo da ìṣẹ́kù octanol sínú síǹkì. Odò kékeré ẹ̀yìn ọgbà wa ni páìpù náà ń da omi sí, níbi tí àwọn ọmọ Hausa ti ń fi àwọ̀n pẹja, tí màlúù sì ti ń mumi. N kò mọ̀ nígbà náà. Ní sáà yìí, ìgò kan tún ṣẹ́ kù. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń lo tábìlì kan ní, "Dà á nù jàre. Ṣé o ti rí ẹja tó kú níbẹ̀ rí ni?"

N kò rí. Ó tún fi Mátíù orí 7 bá mi jiyàn, pé èso ni Olúwa ní ká fi mọ igi. Ó ní èmi ń dájọ́ igi tí kò tíì so.

Ọ̀rọ̀ náà gbà mí lọ́jọ́ mélòó kan. Ohun tí mo rí ni pé ènìyàn ni Olúwa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Ènìyàn lè ronú pìwà dà. Octanol kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bó ṣe rí lánàá ni yóò rí lọ́la. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbé ìṣirò mi lọ sí họ́sítẹ́ẹ̀lì, kí ẹ máa fi ẹ̀yà ẹnì kan sọ ìwà rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti ohun tí kò lè yí padà, Deutarónómì 22:8 ti fún wa ní òfin: ẹni tó bá kọ́ ilé gbọ́dọ̀ ṣe ìgbátí sí òrùlé rẹ̀. Òfin náà kò ní kó dúró dìgbà tí ẹnì kan bá ṣubú. Gíga òrùlé náà ti tó ẹ̀rí.

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ohun tí èmi fẹ́ dà síwájú àwọn ọmọ yẹn kì í ṣe omi. Ti ìgbà àkọ́kọ́, mo ti bẹ Ọlọ́run, àìmọ̀ ni. Ti èyí, mo mọ̀, "n kò rí i" kò sì lè gbà mí là mọ́.

Mo kọ orúkọ sára ìgò náà, mo dé e pinpin, mo sì kọ̀wé sí àwọn olùkọ́ wa pé kí wọ́n fún wa ní àgbá tí a ó máa kó ìṣẹ́kù sí. Wọn kò tíì dáhùn. Ìgò náà ṣì wà lábẹ́ tábìlì. Ẹ bá mi gbàdúrà kí sùúrù mi má tán kí àgbá tó dé.