Aṣọ Ọrùn Ni Ifá Ń Bèèrè

   Ìbà Olódùmarè, ìbà Ọ̀rúnmìlà, ìbà Èṣù Ọ̀dàrà, ìbà ẹ̀yin ìyá wa. Kí ìbà ó ṣẹ.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Kò sí ọjọ́ Ifá kan tí ẹnì kan kì í jókòó síwájú ọpọ́n mi kó máa ráhùn owó. Owó ilé kò pé, owó iléèwé ọmọ kò pé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé yàrá ẹni náà, aṣọ kún wọ́dúróòbù débi pé ilẹ̀kùn rẹ̀ kò pa dé mọ́. Aṣọ wà nínú Ghana-must-go lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, aṣọ wà lórí àga, aṣọ ẹbí tí wọn ò tíì rán wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi tà á. Síbẹ̀, bí òde bá dé, ẹ ó gbọ́ ọ: "Mi ò rí nǹkan wọ̀."

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ifá kò bínú sí aṣọ. Ire ni aṣọ, a sì máa ń tọrọ rẹ̀ mọ́ ire owó, ire ọmọ àti ire àìkú. Àwọn baba wa kò wọ ẹtù, sányán àti àlàárì nítorí pé wọn ò rí nǹkan fi owó ṣe. Ìrínisí ni ìsọni lọ́jọ̀. Ẹni tó bá lọ bá ọba pẹ̀lú aṣọ tó dọ̀tí, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ kó tó la ẹnu. Nítorí náà, ẹni tó bá ń retí pé kí n ní kí ẹ kó gbogbo aṣọ yín dànù, kó lọ jókòó jẹ́ẹ́.

Ohun tí mo ń béèrè ni pé: kí ni a ní kí aṣọ wá ṣe lára wa?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú àdúrà tí gbogbo wa mọ̀. Bí ẹnì kan bá wọ aṣọ tuntun, kí la máa ń wí fún un? "Wàá lò ó gbó o. Ẹ̀mí ẹ á lò ó." Ẹ gbọ́ àdúrà yẹn dáadáa. À ń tọrọ pé kí aṣọ náà gbó lára onítọ̀hún. Kó fi ṣiṣẹ́, kó fi jó, kó fi gbé ọmọ, kí òógùn rẹ̀ wọ inú òwú, kí aṣọ gbó kí ẹ̀mí sì gùn. Aṣọ tí a rà, tí a gbé kọ́, tí kò kan ara wa ní ọdún mẹ́ta, kò lè gbó lára ẹnikẹ́ni. Àwa fúnra wa ló ń dènà àdúrà tí wọ́n gbà fún wa.

Ibi tí òwe àwọn àgbà yẹn ti wá nìyí, pé bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àwọn kan máa ń fi òwe yìí gbè ara wọn lẹ́yìn pé kí àwọn máa kó aṣọ jọ nìṣó. Òwe náà kò sọ bẹ́ẹ̀ o. Kò yin aṣọ púpọ̀, àkísà ló yìn. Àkísà ni aṣọ tí ènìyàn ti lò gbó. Àkísà kan ni èyí tí àgbà wọ̀ lọ oko ní ọdún tí ọ̀gbẹlẹ̀ dá, òmíràn ni èyí tó fi pọn àkọ́bí. Ẹ lọ wo inú wọ́dúróòbù ọ̀dọ́ òní. Ọgọ́ta aṣọ lè wà níbẹ̀ kí àkísà má sí ẹyọ kan, nítorí wọ́n wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n gbé e sórí Instagram, ó parí nìyẹn. Wọ́n ní ayé ti rí i. Ta ni ayé yẹn gan-an? Ṣé òun ló ń bá yín san owó ilé ni?

Ìtàn kan wà tí àwọn àgbà awo máa ń pa. Ọbàtálá fẹ́ lọ kí Ṣàngó ní Ọ̀yọ́. Ó dáfá ìrìn àjò. Wọ́n ní ọ̀nà náà kò dán, kó má lọ. Ó ní òun á lọ. Wọ́n ní bó bá jẹ́ dandan ni, kó mú aṣọ funfun mẹ́ta dání, kó mú ọṣẹ, kó mú òrí. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá bẹ̀ ẹ́ ní iṣẹ́ lọ́nà, kó má kọ̀, ohunkóhun tí wọ́n bá sì ṣe fún un, kó má bínú. Ọbàtálá gbọ́, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó bọ́ sọ́nà.

Kò rìn jìnnà tó fi bá Èṣù létí ọ̀nà pẹ̀lú ìkòkò epo pupa. Èṣù ní, "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e rù." Bí baba ṣe ń gbé e, Èṣù da epo sí i lára. Ọbàtálá kò sọ nǹkan kan. Ó wọ odò, ó fi ọṣẹ wẹ̀, ó fi òrí para, ó wọ aṣọ kejì. Ó fi èyí tí epo bà jẹ́ sílẹ̀ létí odò bí ẹbọ, ó ń lọ. Ó tún bá Èṣù níwájú, èédú ló dà sí i lára lọ́tẹ̀ yìí. Ó wẹ̀, ó pààrọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, àdí ni. Ó wẹ̀, ó pààrọ̀. Ìtàn náà gùn ju báyìí lọ, nítorí pé ó dé ilẹ̀ Ṣàngó tán, wọ́n fi ẹ̀sùn olè ẹṣin kàn án, wọ́n sì tì í mọ́lé fún ọdún méje, títí ìlú fi gbẹ tí Ṣàngó fi mọ ẹni tó wà nínú túbú. Wọ́n pọn omi, wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi àlà bò ó. Àwọn ará wa ní Bahia ní Brazil ṣì ń rántí rẹ̀ lọ́dọọdún, nínú ọdún tí wọ́n ń pè ní Águas de Oxalá. Gbogbo wọn á wọ funfun, wọ́n á ru omi ní ìdákẹ́jẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí aṣọ mẹ́ta yẹn. Ọbàtálá ni olówó àlà. Bó bá fẹ́ kó ọgọ́rùn-ún aṣọ, ta ni yóò dá a dúró? Ṣùgbọ́n Ifá ti wo ọ̀nà rẹ̀, ó ti mọ iye ìgbà tí aṣọ yóò bàjẹ́, ó sì ka aṣọ fún un ní ìbámu pẹ̀lú ìrìn àjò. Kò dín, kó má bàa dé òde pẹ̀lú èérí. Kò lé, nítorí pé àgbàlagbà tó ń fi ọ̀pá rìn, bó bá tún ru ogún aṣọ sórí, báwo ló ṣe fẹ́ bá ẹlòmíràn gbé ẹrù? Ẹni tí ẹrù tirẹ̀ ti wọ̀ lọ́rùn kò lè ran Èṣù lọ́wọ́, ẹni tí kò bá sì ran Èṣù lọ́wọ́, ó ti kọ ẹbọ. Èyí tó tún wù mí jù nínú ìtàn náà ni pé èyí tó ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tán, Ọbàtálá fi í sílẹ̀ létí odò. Kò dì í mọ́ ẹrù pé bóyá òun á tún nílò rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ní Kúbà, ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òrìṣà fún, ìyàwó ni wọ́n ń pè é, ì báà ṣe ọkùnrin. Ọdún kan gbáko ló fi ń wọ funfun. Bó ń lọ ibi iṣẹ́, funfun ni. Bó ń lọ ọjà, funfun ni. Ó ń fọ̀ ọ́, ó ń sá a, ó ń wọ̀ ọ́, ọdún sì ń pé. Kò sí ẹni tó kú nítorí pé kò rí àwọ̀ mìíràn wọ̀.

Ṣùgbọ́n ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ká mú aṣọ kúrò lọ́wọ́ la máa ń mọ irú ẹni tí a jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dáfá mọ̀ pé Ifá a máa bèèrè aṣọ nínú ẹbọ. Nígbà mìíràn á dárúkọ àwọ̀: funfun, pupa, dúdú. Nígbà mìíràn á ní aṣọ ọrùn. Aṣọ ọrùn ni èyí tó wà lára rẹ tí o fi wá síwájú ọpọ́n.

Obìnrin kan tó ń ta ọjà wá dáfá lọ́dọ̀ mi. Owó ṣọ́ọ̀bù ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ifá ní kó fi aṣọ ọrùn rẹ̀ kún ẹbọ, kí a sì fi ta ẹni tí kò ní lọ́rẹ. Ó ní kò burú, òun ń bọ̀ lọ́la. Nígbà tó dé, ọ̀rá dúdú kan ló gbé wá. Bùbá tí kòkòrò ti jẹ, ìró tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí. Mo ní, "Màmá, ṣé èyí ló wà lọ́rùn yín lánàá?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, Bàbá. Léèsì tó wà lọ́rùn mi lánàá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rán an ni!"

Àwa méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo ní, "Màmá, bí Ifá bá fẹ́ àkísà, á dárúkọ àkísà. Ìsàlẹ̀ àpótí kọ́ ló bèèrè. Ohun tó wà lọ́rùn yín, tí ẹ fẹ́ràn, tí ọwọ́ yín ò fẹ́ tú sílẹ̀, òun ló mọ orúkọ rẹ̀." Ó dákẹ́ pẹ́. Ó dìde, ó lọ sílé, ó gbé léèsì náà wá.

Ó tó oṣù mẹ́ta kó tó tún yà sọ́dọ̀ mi. Ohun tó sọ ni mo ṣe ń kọ gbogbo èyí. Ó ní, "Bàbá, ìgbà tí èyí tó dùn mí jù ti lọ, mo bi ara mi pé kí ni mo tún ń di àwọn tó kù mú fún?" Ó ti tú gbogbo àpótí rẹ̀. Ó bá aṣọ ẹbí mẹ́rìnlá tí abẹ́rẹ́ kò kàn rí. Ó tà wọ́n, ó fi kún owó ṣọ́ọ̀bù. Ṣé ẹ rí i? Ìdáhùn ẹbọ rẹ̀ ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tipẹ́. Ọwọ́ tó di mọ́ léèsì kan ni kò jẹ́ kó nà án mú.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn mi. Ẹ kó gbogbo aṣọ síta lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí ojú yín rí iye tó jẹ́. Ẹ mú èyí tí ẹ ń wọ̀ sọ́tọ̀: ti iṣẹ́, ti òde, ti ilé. Aṣọ ìtẹ́fá, aṣọ òrìṣà, àti aṣọ tí òbí tó ti lọ fi sílẹ̀, ẹ má kàn fi wọ́n tọrẹ bẹ́ẹ̀ yẹn. Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn. Ẹ bi Ifá, tàbí kí ẹ da obì. Bí ìdílé yín bá ní eégún, ẹ bi àwọn àgbà ilé bóyá aṣọ òkè màmá yín lè di ọ̀kan lára abala aṣọ eégún. Ibi kan tí aṣọ ti ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún tí kò sì di ẹrù nìyẹn, nítorí gbogbo ẹbí ló ni ín.

Èyí tí ẹ fẹ́ fi tọrẹ, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ dì í dáadáa, kí ẹ súre sí i. Ẹni tó bá ti tú ìdì òkìrìkà rí mọ ohun tí mo ń sọ. Èyí tó dára wà níbẹ̀, èyí tó ya, tó ní àbàwọ́n, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tó fi owó ra ìdì náà ló sì máa jẹ gbèsè rẹ̀. Ẹ má sọ aláìní di ààtàn yín. Ní ti aṣọ ẹbí, ẹ lè sọ pé: "Màá wá, màá mú ẹ̀bùn wá, màá wọ àwọ̀ tó bá tiyín mu láti inú èyí tí mo ní." Ẹni tó bá fẹ́ràn yín á gbà. Ènìyàn laṣọ.

Nínú Ògúndá Méjì, Ọ̀rúnmìlà bi àwọn òrìṣà pé ta ni nínú wọn ló lè bá ẹni tó ń sìn ín rìnrìn àjò ọ̀nà jíjìn, kó má padà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní àwọn lè lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi Ṣàngó pé bó bá dé Kòso, ilé baba rẹ̀, tí wọ́n se gbẹ̀gìrì, tí wọ́n ro ọkà fún un ńkọ́, ó ní bí òun bá yó tán, òun á padà sílé. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn yòókù. Orí nìkan ni kò padà lẹ́yìn ẹni. Bí òrìṣà bá lè yà sílé, kí ni ká wá retí lọ́wọ́ aṣọ? Orí ni kí ẹ tọ́jú. Owó tí ẹ fi ń ra aṣọ kẹẹ̀ẹ́dógójì, ẹ mú díẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ fi bọ orí yín.

Mo wúre fún yín: ẹ ó ní aṣọ, ẹ ò ní di ẹrú aṣọ. Èyí tó wà lọ́rùn yín, ẹ ó lò ó gbó. Èyí tí ẹ bá fi sílẹ̀ létí odò, yóò gbà fún yín. Ogbó, atọ́, àṣẹ.