Àgbà Tó Fẹ́ Bá Ẹgbẹ́ Rẹ̀ Gbé

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ níí mu. Òwe yìí ni wọ́n máa ń sọ fún ẹni tó bá dá a lábàá pé kí àwọn àgbàlagbà tó fẹ́ràn ohun ẹ̀mí jọ máa gbé ojú kan, kí wọ́n jọ máa gbàdúrà, kí wọ́n jọ máa jẹun. Wọ́n á ní ọmọlúàbí kì í fi ìyá rẹ̀ síta, pé àṣà òyìnbó nìyẹn.

Mo gba òwe náà gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo Iléṣà. Ọ̀pọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà níbẹ̀, owó òṣómàálò ló kọ́ ọ: àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ru aṣọ dé ìlú onílùú, tí wọ́n tà á láwìn, tí wọ́n sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó fi jáde. Wọ́n kọ́ yàrá rẹpẹtẹ nítorí ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Lónìí, àwọn ọmọ wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston. Ìyá àgbà nìkan ló kù lókè. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń sanwó fún ló ń gúnyán fún un, inú fóònù ló ti ń rí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Owó ń wọlé lóṣooṣù, mi ò jiyàn. Àmọ́ bó bá gbàdúrà lóru, ta ni yóò ṣe àmín? Ọmú tí òwe ń wí kì í ṣe owó nìkan.

Àpẹẹrẹ àgbà tó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé tí mo ní kò jìnnà, ọ̀nà Ìbòkun ní Òṣogbo ló wà. Susanne Wenger tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, tí wọ́n bí ní Graz ní Ọ́stríà lọ́dún 1915, dé Nàìjíríà ní 1950. Kò bímọ. Síbẹ̀, nígbà tó kú ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 2009, lẹ́ni ọdún 93, kì í ṣe ẹni tó ń dá gbé. Àwọn ọmọ tó gbà tọ́, àwọn olórìṣà àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ló yí i ká, nínú ilé tí wọ́n ti gbẹ́ ère sára àga.

Àwọn kan á ní òrìṣà ló kó wọn jọ. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Mélòó ló ń sin ohun kan náà tí wọn kì í kí ara wọn? Ìwà ni. Àdùnní fi ara rẹ̀ ṣe ọmọ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá ní Ẹdẹ, kó tó di ẹni tí wọ́n ń pè ní ìyá. Nígbà tí wọ́n ń gégi, tí wọ́n ń gba ilẹ̀ mọ́ Igbó Ọ̀ṣun lọ́wọ́, òun àti àwọn bíi Buraimoh Gbàdàmọ́sí, Kàsálì Àkàngbé àti Adébísí Àkànjí tó jẹ́ bíríkìlà ló fi ère dáàbò bò ó, títí UNESCO fi kà á mọ́ ogún gbogbo ayé ní 2005. Kò fi orúkọ tirẹ̀ bo tiwọn. A ń dá iṣẹ́ Kàsálì mọ̀ yàtọ̀ títí dòní. Òyìnbó ni Àdùnní, ṣùgbọ́n agbo ilé bíi ti àwọn baba wa ló dá sílẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà tó ń ro irú ìgbé yìí, ìwà tí ẹ bá gbé wọlé ni yóò bá yín gbé ibẹ̀. Baba tó ti ń pàṣẹ fún gbogbo ilé láti ogójì ọdún, ṣé ó lè gbà pé òun kọ́ ló máa sọ ohun tí wọ́n máa sè lónìí? Ìyá ìjọ tí yóò máa bú olórìṣà tàbí aláàjì tó wà ní yàrá kejì, kó kúkú jókòó sílé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó wà lẹ́yìn odi, irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ibi tí ẹ ó sọ ẹrù yín kalẹ̀ sí. Ẹ wálé, ẹ jókòó ti ìyá yín, kí ẹ bi í léèrè bóyá ó fẹ́. Bó bá fẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnu ará àdúgbò dí i lọ́wọ́. Bó bá kọ̀, ẹ wá ẹbí tí yóò máa sùn tì í, kí ẹ̀yin náà sì máa yọjú, kó má jẹ́ nígbà ọdún Ìwúdé nìkan.