Kí Ni Kí Ọ̀rẹ́ Ọkọ Sọ?

Bí a bá so yìgì tán ní Ọ̀jọ́, Ìbà tàbí Okokomaiko, wọn a pe ọ̀rẹ́ ọkọ síwájú kí ó wá sọ̀rọ̀ nípa ọkọ ìyàwó. Ṣé gbogbo òtítọ́ ni kí ó sọ ni, tàbí ìyìn nìkan?

Àwọn mìíràn a máa fi ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́bìnrin àtijọ́ ṣe àwàdà. Àwùjọ á rẹ́rìn-ín, ìyàwó á dorí kodò. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kò ṣeé kó. Súrà Hujurat kọ̀ fún wa láti fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n àṣírí bíbò ní ààlà. Nígbà tí Fatima ọmọ Qays bi Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) léèrè nípa ọkùnrin méjì tó ń fẹ́ ẹ, Ànábì kò fi bò fún un. Ó ní tálákà ni ọ̀kan, èkejì kì í gbé ọ̀pá kúrò léjìká. Ó ní kí ó fẹ́ Usama ọmọ Zayd.

Ohun tí a rí kọ́ ni pé kí yìgì tó so ni òtítọ́ ọ̀rẹ́ wúlò. Bí bàbá ọmọ bá wá ṣèwádìí, tí a mọ̀ pé ọ̀rẹ́ wa a máa na obìnrin, tí a dákẹ́, a ti da ọmọ ọlọ́mọ. Ìyìn ọjọ́ ìgbéyàwó kò lè tún un ṣe.

Lọ́jọ́ náà, ẹ sọ ìwà rere kan tí ẹ fojú rí, kí ọ̀rọ̀ yín má gùn, kí ẹ sì fi àdúà Ànábì kádìí rẹ̀: kí Ọlọ́hun bù kún wọn, kí Ó so wọ́n pọ̀ nínú oore. Àmín.