Iléyá Tí A Kò Relé

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde, ní ọjọ́ 29 oṣù Òkúdù ọdún 2020, pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Agẹmọ ni ọkọ̀ yóò tún lè máa ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí èkejì, lẹ́yìn ìsémọ́lé àrùn Kòrónà tí ó ti há wa mọ́lé ní Àbújá láti òpin oṣù Ẹrẹ́nà, ayọ̀ ṣubú lu ayọ̀ nínú ilé wa ní Lokogoma. Nítorí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, orúkọ tí Yorùbá sì sọ ọdún náà, ìpè ni fún ẹni tí ó wà lájò: ilé yá. Láti Ìwó Olódò Ọbà, ilé odídẹrẹ́, ni wọ́n ti ń pè wá, níbi tí ìyá mi, arúgbó ẹni ọdún 79, ti ń fi ìka ka ọjọ́.

Ọ̀nà náà kò ṣàjèjì sí wa. A ó já sí Galadimawa, a ó gba Gwagwalada àti Abaji dé Lọ́kọ́ja níbi tí odò Ọya ti pàdé Bẹ́núè, a ó sì máa bá a lọ títí a ó fi kan Ọ̀wọ̀, Àkúrẹ́, Iléṣà àti Òṣogbo. Ibi gbogbo tí a bá sì ti sọ̀ jẹun ni èémí wa yóò ti pò mọ́ ti ẹlòmíràn. Aya mi ni ó kọ́kọ́ là á: “Olówó orí mi, bí ó bá jẹ́ àwa ni a ó gbé àrùn yìí lọ bá Màmá ńkọ́?” Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ mi kan, tí a jọ ń kírun, ó dá mi lóhùn pé àyànmọ́ kò gbóògùn, àti pé ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù àrùn, ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni ó mẹ́hẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí gún mi lọ́kàn, nítorí n kò fẹ́ kí á kà mí mọ́ aláìnígbàgbọ́. Ó sì gbé mi lọ sídìí ìtàn Ùmáru ọmọ Al-Khattab, arólé kejì fún Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, tí ó ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí ó gbọ́ ní Sargh pé àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ níwájú, tí ó pe ìgbìmọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ó sì pinnu láti padà. Abu Ubaida, ọ̀gágun rẹ̀, bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ni ó ń sá fún. Èsì rẹ̀ ni pé láti inú kádàrá Ọlọ́hun ni òun ti ń sá bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́hun, gẹ́gẹ́ bí darandaran tí ó kó ràkúnmí rẹ̀ sí apá tí ó tutù nínú àfonífojì, tí ó fi apá tí ó gbẹ sílẹ̀. Abdur-Rahman ọmọ Awf ni ó wá jẹ́rìí pé òun gbọ́ láti ẹnu Òjíṣẹ́ pé kí á má ṣe wọ ìlú tí àjàkálẹ̀ bá wà, kí ẹni tí ó wà níbẹ̀ má sì ṣe sá jáde. Abu Ubaida dúró sí Ṣáámù, àrùn náà ni ó sì pa á. Ènìyàn rere ni àwọn méjèèjì.

Apá kejì àṣẹ náà ni ó dá mi dúró. Ẹni tí kò wọlé, ara rẹ̀ ni ó ṣọ́. Ẹni tí kò jáde, ara ẹlòmíràn ni. Àbújá sì wà nínú àwọn ibi tí Kòrónà ti gbilẹ̀ jù lọ nígbà náà: àwa ni ará inú ìlú àrùn. Arìnrìn-àjò sì ni àrùn máa ń bá rìn. Ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi ni ó gbé àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn wọ Èkó, àwọn tí ó sì ń sá relé ni wọ́n gbé e wọ ìgbèríko. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2020 náà, ọkọ̀ ìgbafẹ́ Diamond Princess gúnlẹ̀ sí Yokohama ní ilẹ̀ Japan pẹ̀lú ènìyàn 3,711, àrùn náà sì mú èyí tí ó lé ní 700 nínú wọn. Ìdílé tí ó lọ ṣe fàájì pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bá.

Mo lè fi ẹ̀mí ara mi gbára lé Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n kí n fi ẹ̀mí ìyá mi gbára lé E láìbéèrè, bí ẹni ń fi owó olówó ṣe sàráà ni. Bí mo bá sì béèrè, ìyá wo ni yóò sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kí ó má wálé? Èmi ni mo ní láti bá a sọ “rárá” tí kò lè sọ. N kò sọ pé ọ̀fẹ́ ni. Ojú lọ̀rọ̀ wà, Iléyá mélòó ni ó sì kù fún ẹni ọdún 79? Ìbéèrè yìí kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní.

Nígbà tí mo sọ fún un lórí fóònù pé a kò ní wá, ó dákẹ́ pẹ́, lẹ́yìn náà ni ó ní: “Ẹran yín ńkọ́?”

Ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ọdún, awakọ̀ kan gbé àpò kan dé ẹnu géètì wa: ẹran àgbò tí a ti yan gbẹ, tí a di ti ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ìbòmú rẹ̀ ti rọ̀ sí àgbọ̀n. Ó na ọwọ́, mo sì ti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ kí n tó rántí.