Ẹ Jẹ́ Kí Ọ̀nà Omi Là

Bíbélì kíkà: Lúùkù 15:11-32

 

Ìtàn ọmọ onínàákúnàá kì í ṣe tuntun létí wa. Láti ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ni a ti mọ̀ ọ́n, àwa tí a ṣe iṣẹ́ olùkọ́ sì ti fi kọ́ ọmọ púpọ̀. Lónìí, ẹja ni a fẹ́ fi ṣe àlàyé rẹ̀.

Ẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní sámọ́nì. Inú agolo ni púpọ̀ nínú wa ti mọ̀ ọ́n. Inú àwọn odò tí ó ń ṣàn wọ Òkun Pàsífíìkì, ní etíkun Amẹ́ríkà àti Kánádà, ni àwọn kan nínú wọn ti ń bẹ̀rẹ̀ ayé wọn. Bí ọmọ ẹja yìí bá dàgbà díẹ̀, a bá omi lọ sínú òkun, ibẹ̀ ni yóò sì ti dàgbà tán. Nígbà tí àkókò àti bímọ bá tó, a padà wá sínú odò tí a ti bí i. Àwọn onímọ̀ ti rí i pé òórùn omi ilé rẹ̀ ni ó fi ń mọ ọ̀nà. Òórùn náà ti wọ̀ ọ́ lára kí ó tó lọ, kò sì gbàgbé.

Bí ó bá ti wọ inú odò, kì í jẹun mọ́. Yóò máa dojú kọ agbára omi lọ sí òkè. Ìyá ẹja ni ó ń fi ìrù gbẹ́ ihò sáàrin òkúta wẹ́wẹ́. Yóò yé ẹyin síbẹ̀, èyí tí ó lè ju 3,000 lọ. Akọ yóò ṣe tirẹ̀, ìyá yóò sì fi òkúta bò wọ́n. Yóò máa ṣọ́ ibẹ̀ títí tí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára rẹ̀. Kò ní fojú kan ọmọ rẹ̀ láéláé. Òkú rẹ̀ a di oúnjẹ fún kòkòrò omi, fún ẹranko àti fún igi etí odò. Síbẹ̀, díẹ̀ kíún nínú àwọn ọmọ náà ni yóò padà wá. Bí ẹrẹ̀ bá bo òkúta, ẹyin yóò kú. Bí wọ́n bá gé igi tí ó ṣíji bo odò, omi yóò gbóná jù fún ọmọ ẹja. Ẹ̀yin ìyá, ṣé ẹ rí i? Ìyá ti ṣe ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ mọ. Ìyókù dọwọ́ odò.

Odò kan wà ní Ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, Elwha ni orúkọ rẹ̀. Ẹja rẹ̀ ni ẹ̀yà Klallam, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, ń jẹ láti ayébáyé. Ní 1913, wọ́n parí dáàmù kan lórí odò yìí fún iná mànàmáná, ní nǹkan bíi máìlì 5 sí òkun. Òfin ìpínlẹ̀ náà ní kí wọ́n la ọ̀nà fún ẹja, ṣùgbọ́n wọn kò là á. Ní 1927, wọ́n kọ́ èkejì sí òkè rẹ̀. Ó ju máìlì 70 lọ tí ẹja kò lè dé mọ́. Síbẹ̀, ọdọọdún ni ẹja ń ti inú òkun bọ̀, tí ó ń rìn títí kan ẹsẹ̀ ògiri. Kì í ṣe pé ó gbàgbé ilé. Ògiri ni kò jẹ́ kí ó kọjá.

Ẹ̀kọ́ kìíní: ẹni tí ń bọ̀ lè mọ ọ̀nà, kí àwa dí i. Baba inú ìtàn wa sáré lọ pàdé ọmọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ni ó dúró níta tí ó ń bínú. Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: ẹ̀gbọ́n yẹn ni àwa. Ọmọbìnrin kan wà nínú ìjọ wa tí ó lóyún nílé àwọn òbí rẹ̀. A lé e kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin, ó sì kó lọ sí ìlú mìíràn. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó padà wá síbi Ìkórè pẹ̀lú ọmọkùnrin rẹ̀, wọ́n jókòó sẹ́yìn. Ọ̀kan nínú wa béèrè sókè pé, "Ta tilẹ̀ ni bàbá ọmọ yìí?" A kò dá a lẹ́kun. Àwọn kan nínú wa rẹ́rìn-ín. Kí a tó gba ọrẹ, àga wọn ti ṣófo. Ìyá rẹ̀ ṣì ń wá sí ìpàdé wa, a sì máa ń rí i tí ó ń wo ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀kọ́ kejì: ògiri a máa pa àwọn tí ó wà nínú ilé lára pẹ̀lú. Òkúta wẹ́wẹ́ tí odò ń gbé bọ̀ láti òkè, dáàmù náà dá a dúró, ibi tí ẹja ìsàlẹ̀ lè yé ẹyin sí sì ń dín kù. A ń ráhùn pé àwọn ọ̀dọ́bìnrin kò wọ ẹgbẹ́ mọ́. Ṣé wọn kò rí ohun tí a ṣe sí ẹgbẹ́ wọn ni?

Ẹ̀kọ́ kẹta: ìpinnu nìkan kò tó. Ní 1992 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ṣe òfin láti tún odò Elwha ṣe, ṣùgbọ́n ní 2011 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn dáàmù náà. Wọ́n wó ti ìsàlẹ̀ tán ní 2012, wọ́n sì wó ti òkè tán ní 2014. Nígbà tí wọ́n ń wó wọn, ẹrẹ̀ tí ó ti kó jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún tú, omi sì dọ̀tí gidigidi. Ẹni tí ó bá wò ó lè rò pé wọ́n bà á jẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ní 2012 kan náà, ẹja sámọ́nì ti gba ojú ògiri àkọ́kọ́ kọjá lọ sí òkè. Ní 2023, àwọn Klallam tún pa ẹja jẹ nínú odò wọn, lẹ́yìn ọdún bíi méjìlá tí wọ́n fi yọwọ́ kí ẹja lè bí sí i.

Àwa náà ti fọwọ́ kan ẹrẹ̀ tiwa. Àwa mẹ́ta lọ bẹ ìyá ọmọ náà. Ó gbọ́ wa tán, ó ní, "Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni ẹ ṣẹ̀. Ẹ lọ sọ fún un." Ọ̀rọ̀ náà dùn wá, òtítọ́ sì ni. A ti kọ lẹ́tà sí i, a kò tíì rí èsì. A ó tún kọ, bí Ọlọ́run bá sì fẹ́, a ó lọ.

Ẹ̀yin arábìnrin, kí ìwé ìròyìn wa mìíràn tó jáde, kí olúkúlùkù wa rántí ẹnì kan tí a dí lọ́nà, kí a sì lọ bá a. Kí a má lọ bi í ní ìbéèrè. Kí a lọ tọrọ àforíjì.

Àdúrà: Olúwa, ògiri tí a fi ahọ́n wa mọ, fún wa ní ọkàn láti wó o. Fún wa ní sùúrù nígbà tí omi bá dọ̀tí. Mú àwọn ọmọ wa padà wálé, kí wọ́n sì bá wa lẹ́nu ọ̀nà, kí a máa retí wọn. Ní orúkọ Jésù. Àmín.