Ojú Ayìnbọn: Àwòrán Ìwé Onítàn Nínú Géèmù Ogun àti Ògiri Ààfin Abomey

Láàárín àwọn eré orí kọ̀ǹpútà tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní géèmù, irú kan wà tí ẹni tí ń gbá a kì í rí ara akọni tí ó ń darí, nítorí pé ojú akọni náà gan-an ni wọ́n yá a láti máa fi wo ayé inú géèmù, tí ohun tí ó sì ń rí nínú ara tirẹ̀ kò ju ọwọ́ méjì àti ìbọn tí ó nà síwájú lọ. Láti ìgbà tí Doom ti jáde ní ọdún 1993 ni irú géèmù tí a ń fi ojú ayìnbọn wò yìí ti gbilẹ̀ káàkiri ayé, púpọ̀ nínú àwọn tí ó ń ṣẹ̀dá rẹ̀ sì ń làkàkà kí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ lè rí bí ẹ̀jẹ̀, kí awọ ara sì rí bí awọ ara. Àwọn díẹ̀ ni wọ́n gba ọ̀nà mìíràn, tí wọ́n ya ayé géèmù bí ẹni pé inú ìwé àwòrán onítàn ni ó wà, èyí tí àwọn tí ń ka èdè Faransé, títí kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, mọ̀ sí bande dessinée, níbi tí àpótí àwòrán kan ti ń tẹ̀ lé òmíràn títí ìtàn yóò fi parí. Ìbéèrè tí ọ̀nà yìí gbé dìde kò mọ sórí ẹwà nìkan, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìwà ni ó bá dé: ṣé pípa ènìyàn nínú àwòrán tí ó jẹ́wọ́ pé àwòrán ni òun fúyẹ́ ju pípa ènìyàn nínú àwòrán tí ó ń díbọ́n pé òun gan-an ni ayé?

Àpẹẹrẹ tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò ni XIII, tí ilé-iṣẹ́ Ubisoft gbé jáde ní ọdún 2003 láti inú ìwé àwòrán àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù méjì, Jean Van Hamme tí ó kọ ìtàn náà àti William Vance tí ó ya àwòrán rẹ̀, èyí tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní ọdún 1984. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ya géèmù náà ni a ń pè ní cel shading, orúkọ tí ó wá láti ara ewé celluloid tí ó mọ́ gaara, tí àwọn ayàwòrán sinimá ọmọdé máa ń kun ọ̀dà sí láyé àtijọ́. Nínú ìṣirò tí kọ̀ǹpútà sábà máa ń ṣe, ìmọ́lẹ̀ a máa rọra ṣá lára nǹkan títí yóò fi di òkùnkùn. Ṣùgbọ́n nínú ọgbọ́n yìí, a gé ìmọ́lẹ̀ náà sí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta péré, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò ní ju igbá ọ̀dà mẹ́ta lọ, a sì fi ìlà dúdú yí ẹ̀bá ara náà ká. XIII tún fi lẹ́tà kọ ìró sójú ayé rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ìbọn bá dún, ọ̀rọ̀ a là lójú òfúrufú, nígbà tí ẹ̀ṣọ́ kan bá sì ń rìn lẹ́yìn ògiri, ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa yọ ní lẹ́tà kéékèèké tí ojú lè tẹ̀ lé. Èyí kò lè ṣàjèjì sí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá, nítorí pé èdè tí ènìyàn ti ń ṣubú gbì, tí ẹyẹ ti ń kọjá fìrì, ti fi ìró hàn fún ojú tipẹ́tipẹ́.

Borderlands, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Gearbox ní Amẹ́ríkà, gba ọ̀nà tirẹ̀: àwòrán tí ó jọ ti ayé gidi ni wọ́n kọ́kọ́ fi han àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n nígbà tí ó máa fi jáde ní ọdún 2009, wọ́n ti fi ìlà tàdáwà tí a fi ọwọ́ fà bo gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ mìíràn sì tún XIII ṣe ní ọdún 2020, tí wọ́n dín ìlà àti ọ̀dà àkọ́kọ́ kù, púpọ̀ nínú àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀, lára ìdí rẹ̀ sì ni pé wọ́n ti mọ̀ pé àwòrán náà kì í ṣe aṣọ tí a lè bọ́ kí ara má sì yí padà.

Nínú ìmọ̀ Yorùbá nípa iṣẹ́ ọnà, ohun kan wà tí ó lè tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí. Babatunde Lawal, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà Yorùbá, nínú àpilẹ̀kọ kan tí ó gbé jáde ní ọdún 2001, ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ náà àwòrán so mọ́ wíwò àti ìrántí, pé ohun tí a ń wò kí a lè rántí òmíràn ni, èyí tí ó túmọ̀ sí pé iṣẹ́ àwòrán kò parí sí ojú òde, bí kò ṣe pé ó gbọ́dọ̀ dé ojú inú, tí í ṣe ojú tí ọkàn fi ń mọ nǹkan. Robert Farris Thompson, onímọ̀ iṣẹ́ ọnà bíi tirẹ̀, nígbà tí ó bi àwọn tí ó mọ ère gbẹ́ léèrè ohun tí ó mú kí ère dára, rí i pé jíjọra tí wọ́n ń fẹ́ wà láàárín méjì: kí ère jọ ènìyàn, ṣùgbọ́n kí ó má jọ ọ́ jù. Ìgbà tí a bá sì fẹ́ kí ère jọ ènìyàn pátápátá, ìdí pàtàkì ni ó máa ń fà á. Ní Ọ̀wọ̀, àkó ni ère tí a gbẹ́ ní ìwọ̀n ènìyàn, tí a wọ aṣọ fún, tí a sì gbé kiri ìlú níbi ìsìnkú kejì, kí olóògbé lè kí ayé pé ó dìgbóṣe. Ẹni tí a fẹ́ ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ni a fún ní jíjọra pátápátá. Géèmù ogun òde òní yí ètò yìí padà, nítorí pé ó fi jíjọra pátápátá fún òkú tí ẹnikẹ́ni kò ní ṣọ̀fọ̀, òkú tí yóò pòórá nílẹ̀ kí ayìnbọn tó dé orígun kejì. Bí a bá wò ó báyìí, àwòrán ìwé onítàn ní ìwà ọmọlúàbí díẹ̀ nínú, nítorí kò purọ́ fún ojú, ó sì fi àyè sílẹ̀ láàárín ohun tí a rí àti ohun tí a gbàgbọ́, àyè tí ojú inú lè dúró sí.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dúró síbí yìí ti tètè rí ìtùnú, ẹ̀rí tí ó sì lè bá a wí wà ní gúúsù ìlú Koko. Koko jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn agbègbè mẹ́sàn-án tí ó wà lábẹ́ Bantè, ní ẹkùn Collines ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí àwọn Nàgó, ọmọ Yorùbá ilẹ̀ Benin, ti ń gbé ní Bantè àti ní apá kan ilẹ̀ Savalou. Ní gúúsù wọn ni Abomey wà, olú-ìlú ìjọba Dàhómì àtijọ́, tí àjọ UNESCO fi àwọn ààfin rẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé ní ọdún 1985. Lára ògiri àwọn ààfin náà, pàápàá èyí tí ó jẹ́ ti ọba Glele tí ó jẹ láti ọdún 1858 sí 1889, ni àwọn ọ̀mọ̀lé ti fi amọ̀ mọ àwòrán tí ó yọ síta, wọ́n kùn wọ́n ní ọ̀dà tí kò ní òjìji, olúkúlùkù sì wà nínú àpótí onígun mẹ́rin tirẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìwé àwòrán onítàn yóò dá wọn mọ̀ lójú kan: ìlà tí ó ṣe kedere, ọ̀dà tí a kò pò mọ́ra, ara tí a dín kù títí ó fi di àmì, kìnnìún tí ó dúró fún Glele, ẹfọ̀n tí ó dúró fún Ghezo, ọba tí ó jẹ ṣáájú rẹ̀. Àwòrán wọ̀nyí kò díbọ́n pé àwọn ni ayé. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Dàhómì wà lára wọn, pẹ̀lú ìbọn àti idà, tí wọ́n ń pa ọ̀tá, tí wọ́n sì ń kó o lẹ́rú, ẹni tí a sì fi hàn gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá náà léraléra ni Nàgó. Ìjọba yìí kan náà ni ó gbógun ti Abẹ́òkúta ní ọdún 1851 àti 1864, tí ó sì pa Kétu run ní ọdún 1886.

Ìlà àti ọ̀dà kò dín ikú tí ó wà lára ògiri náà kù. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di ohun tí ojú lè gbádùn lójoojúmọ́. Ohun tí ó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni ibi tí a fi awòran sí. Ògiri ọba kọ́ ẹni tí ó wọ ààfin láti dúró ti ayìnbọn, kí ó fi ojú rẹ̀ wo ẹni tí ó ṣubú, gẹ́gẹ́ bí géèmù ogun ti ń ṣe lónìí pẹ̀lú agbára tí amọ̀ kò ní. Ọmọ Nàgó láti Koko tí ó bá lọ síbẹ̀ kò lè dúró síbi tí ògiri fi í sí, nítorí ẹni tí ó wà nílẹ̀ ni ó jọ baba ńlá rẹ̀, ohun tí ó sì rí nínú àpótí kan náà yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí ọba fẹ́ kí a rí. Ìwò tirẹ̀ ni ìwò tí ó kún jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé òun nìkan ni àwòrán mú rántí ènìyàn kan tí ó ní orúkọ àti ìdílé.

Nítorí náà, kí a tó béèrè bóyá àwòrán géèmù jọ ayé tàbí kò jọ ọ́, ó yẹ kí a béèrè bóyá ẹni tí a yìnbọn sí ní ojú. Yorùbá ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà, ìtìjú náà sì ń bẹ lójú, nítorí a ní ojú tì í. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀tá inú Borderlands ni ó fi ìbòjú bo ojú wọn, tí ìwà wèrè sì rọ́pò orúkọ, kí ọwọ́ ayìnbọn má baà gbọ̀n. Ìlà tàdáwà tí ó rẹwà kò wo èyí sàn. Ọdẹ tí ó ń bọ Ògún mọ̀ pé àwọn ẹran kan wà tí a kì í pa láìṣe ètùtù, bẹ́ẹ̀ ẹran ni, kì í ṣe ènìyàn.

XIII súnmọ́ ìbéèrè yìí ju àwọn yòókù lọ. Akọni rẹ̀ ti pàdánù ìrántí, kò mọ orúkọ ara rẹ̀, nọ́ńbà kan wà tí a fín sí i lára, wọ́n sì fẹ̀sùn kàn án pé òun ni ó pa ààrẹ Amẹ́ríkà, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ń gbá géèmù náà ń fi ojú ẹni tí kò mọ ojú ara rẹ̀ yìnbọn. Ní àwọn ibì kan, bí ó bá pa ọlọ́pàá tàbí ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀, eré parí. Nígbà tí ọta bá sì ba orí ọ̀tá, àwọn àpótí kéékèèké a là lójú ọ̀run géèmù náà, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹ̀bùn ni àwọn tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀ fi í ṣe, kí inú ayìnbọn lè dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ kò sí ìbọn nínú àwọn àpótí náà, kò sí ọwọ́ tí ó dì í mú, ojú ẹni tí ọta bà nìkan ni ó wà níbẹ̀.