Adé ni, àbí Ada?

(Ọ̀sán Sátidé ni, ní Bódìjà, Ìbàdàn. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ìwé owó ni Ẹ̀gbọ́n ń ṣe ní báńkì. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Manchester. Láptọ́ọ̀pù kan wà láàárín wọn lórí tábìlì, ó ń pariwo.)

ÀBÚRÒ: Àǹtí mi, ẹ gbọ́. Ìró tó ń hó lọ geere yìí, òun ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé nǹkan ń bọ̀. Ibi tó ti ń dún bí aṣọ tí wọ́n ń fà ya yìí, ọ̀rọ̀ Dádì gan-an nìyẹn.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o rò pé mo ti gbàgbé? Ìwọ ṣì wà lẹ́yìn Mọ́mì nígbà náà. Ní Peckham, etí ojú tẹlifíṣọ̀n á kọ́kọ́ ní ìlà pupa, tó bá yá á di búlúù àti yẹ́lò. Mọ́mì á ní kó pa á, pé orí ń fọ́ òun. Dádì á ní, "Ó ku díẹ̀." Díẹ̀ yẹn kì í tán bọ̀rọ̀.

ÀBÚRÒ: Spectrum ni kọ̀ǹpútà yẹn. Sinclair ti Cambridge gbé e jáde ní 1982. Irú ti Dádì, èyí tó ní 48K, pọ́n-ùn 175 ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà á. Kò ní àpò ìpamọ́ kankan nínú. Tí ẹ bá ti pa iná rẹ̀, ohun tí ẹ kọ ti lọ, àfi èyí tí ẹ bá ti gbà sórí kásẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí lo wá rí?

ÀBÚRÒ: Eré orí kọ̀ǹpútà ló pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà níbẹ̀ tí Dádì pè ní AJO84. Tasword ló fi kọ ọ́, bí ẹni ń kọ lẹ́tà. Ojú ìwé méjì ni. Èkíní kò ṣeé kà rárá, torí ẹni tó gbà á sórí CD fún yín bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí téèpù ti ń yí. Èkejì nìyí: ìlà méje, orúkọ àti iye owó tó kù lọ́wọ́ olúkúlùkù. Ẹ wo ìlà kẹrin.

Ẹ̀GBỌ́N: ADE 50. Ó tán nìyẹn. Ohun tí Dádì sọ títí tó fi kú ni: Adé kó àjọ, kò san 50 tó kù. Tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi. N ó mú un lọ sọ́dọ̀ Àǹkù Adé lálẹ́ yìí. Ọkùnrin yẹn kò yọjú síbi ìsìnkú Dádì nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Kó wá wo ìwé.

ÀBÚRÒ: Kò tán o. Tí ẹ bá gbé ojú ìwé yìí fún Spectrum, kò ní gbà á. Yóò kọ "R Tape loading error", yóò sì dúró síbẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló kọ̀ nínú rẹ̀?

ÀBÚRÒ: Ohun tí ẹ̀yin náà máa ń kọ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ́ òdo àti oókan mẹ́jọ tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nígbà tí Dádì ń fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́, kọ̀ǹpútà to gbogbo lẹ́tà lérí ara wọn, ó sì ka oókan inú òpó kọ̀ọ̀kan. Tí iye wọn bá ṣeé pín sí méjì láìṣẹ́kù, ó kọ òdo sísàlẹ̀. Tó bá ṣẹ́ku ẹyọ kan, ó kọ oókan. Ìlà ìsàlẹ̀ yẹn ló ń yẹ̀ wò nígbà tó bá tún ń kà á.

Ẹ̀GBỌ́N: Báláǹsì.

ÀBÚRÒ: Báláǹsì tí kò lè ròyìn tán. Ó lè fi òpó tí àṣìṣe wà hàn, kò lè fi lẹ́tà hàn. Níbí, òpó kẹta láti ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni kò bá ìsàlẹ̀ mu. Ni mo bá lọ wo ìró fúnra rẹ̀. Ìgbì kúkurú ni òdo, ìgbì gígùn ni oókan, ó gùn tó òdo lọ́nà méjì. CD máa ń wọn ìró ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú ìwọ̀n yẹn, òdo máa ń gba bíi 21 tàbí 22, oókan máa ń gba 43. Gbogbo ìgbì ojú ìwé yìí ló mọ́ kedere, àfi méjì. Àwọn yẹn gba 32 tàbí 33. Wọn kò sí lápá ìhín, wọn kò sí lápá ọ̀hún. Ó jọ pé téèpù ti ṣẹ́ níbẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Níbo?

ÀBÚRÒ: Ìlà kẹrin. Ọ̀kan wà nínú E tó parí ADE, ìkejì nínú 5 tó bẹ̀rẹ̀ 50. Òpó kẹta yẹn nìkan ló ya E kúrò lára A. Òun náà ló ya 5 kúrò lára 1.

Ẹ̀GBỌ́N: Dúró ná. Tó bá jẹ́ pé méjèèjì ni kò tọ̀nà, wọn ì bá bo ara wọn mọ́lẹ̀, òpó náà ì bá sì dọ́gba. Mo ti rí irú ẹ̀ nínú ìwé báńkì rí, àṣìṣe méjì tó fi ara wọn pamọ́. Òpó yìí kò dọ́gba. Ìyẹn ni pé ọ̀kan ṣoṣo ló ṣìnà. Àbí iye ìsàlẹ̀ gan-an ló bàjẹ́?

ÀBÚRÒ: Ìgbì tirẹ̀ mọ́ kedere. Bí ẹ ṣe wí i ló rí. Ó lè jẹ́ ADA 50, ó lè jẹ́ ADE 10. ADE 50 tó wà níwájú yín yìí nìkan ni kò lè jẹ́.

(Ẹ̀gbọ́n yọ ìgò ojú rẹ̀.)

Ẹ̀GBỌ́N: Nígbà tí Dádì ń ka ìwé yìí, téèpù kò tíì ṣẹ́. Báwo ló ṣe wá di 50 lọ́rùn Adé?

ÀBÚRÒ: Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ó ta kọ̀ǹpútà náà kí gbogbo wa tó padà wálé? Láti ìgbà yẹn, kásẹ́ẹ̀tì ló ní, kò ní ohun tí yóò fi kà á. Ohun tó rántí ló ń sọ.

Ẹ̀GBỌ́N: Tó bá jẹ́ ADA 50, Dádì ló gbàgbé ẹni tó jẹ ẹ́. Ta ni kì í gbàgbé? Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ADE 10, ó ti sọ mẹ́wàá di àádọ́ta mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí. N kò fẹ́ fi ẹnu mi pe ohun tí wọ́n ń pe ìyẹn. Kọ ADA. Ṣé ẹ̀rọ á gbà á?

ÀBÚRÒ: Láìjanpata.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló wá kù?

ÀBÚRÒ: Yóò gba ADE 10 náà. Kódà tí mo bá fi ADE 50 sílẹ̀ tí mo yí iye ìsàlẹ̀ padà, yóò gba ìyẹn pẹ̀lú. Kó ṣáà ti dọ́gba. Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. CD náà ní apá òsì àti apá ọ̀tún. Tí mo bá ka apá òsì, tí mo sì ní kí gbogbo ìgbì tí kò bá kọjá 32 jẹ́ òdo, ADA 50 ló ń jáde. Tí mo bá ka apá ọ̀tún, ADE 10. Ní òru ọjọ́ tí mo rí i, mo tẹ apá òsì, mo tún un tẹ̀, bóyá ìgbà mẹ́wàá, mo kàn ń wo bí ẹ̀ṣẹ̀ Dádì ṣe ń parẹ́. Ó dùn mọ́ mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o rí i? Ohun tó dùn mọ́ ìwọ lo fẹ́ fi du èmi. Ọkùnrin ọ̀hún ti darúgbó, ara rẹ̀ kò sì yá. Mo fẹ́ bá a sọ pé, "Sà, owó yẹn kò sí lọ́rùn yín." Bí ADA bá wà nínú ìwé, ó bọ́ nínú ẹ̀sùn, Dádì bọ́ nínú irọ́. Ta la pa lára?

ÀBÚRÒ: Ada.

Ẹ̀GBỌ́N: Ada wo? Ta ló mọ̀ ọ́n?

ÀBÚRÒ: Bóyá ọmọbìnrin Ìgbò kan tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nígbà náà. Bóyá ó ti di ìyá àgbà ní Lewisham báyìí. Orúkọ tí a kò mọ ẹni tó ni ín ló rọrùn láti di ẹrù lé.

Ẹ̀GBỌ́N: Kò ní rí ìwé náà láyé.

ÀBÚRÒ: Àǹkù Adé yóò rí i. Tí Ada bá wà nínú àjọ, wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n jọ jẹun. Láti ìrọ̀lẹ́ òní, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá rántí rẹ̀, olè ni yóò jẹ́ lójú wọn, ẹni tó dákẹ́ tó jẹ́ kí wọ́n ru ẹrù tirẹ̀ ní ogójì ọdún. Àwa la ó fi síbẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí n wá kọ ADE 10? Kí n gbé ìtìjú bàbá tó bí mi lọ sílé ẹlòmíràn, lórí ìgbì tí kò gùn tí kò kúrú?

ÀBÚRÒ: Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìyẹn náà kì í ṣe tiwa láti kọ. Mo fẹ́ fi àlàfo síbẹ̀: AD, àlàfo; àlàfo, 0. Kí n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ọ̀kan nínú méjì yìí ni, kí n sì fi àwòrán ìgbì méjèèjì sí i.

Ẹ̀GBỌ́N: Gbọ́ mi, àlàfo kì í ṣe ohun tó ń dákẹ́. Iṣẹ́ mi ni. Ìwé tó ní ihò nínú, ohun tó wà lọ́kàn olúkúlùkù ló fi ń dí i. Àǹkù Adé yóò dí tiwọn, wọ́n á ní, "Mo ti ń sọ ọ́, òpùrọ́ ni bàbá wọn." Ìwọ á ní o kò parọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, o kò parọ́, o kàn fún ẹni tí inú ń bí ní bírò ni.

ÀBÚRÒ: Òótọ́ ni. N kò ní èsì tó tó ìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n á mọ̀ pé ihò ni àwọn ń dí. Tí a bá bá wọn dí i, wọn kò ní mọ̀ pé ihò wà níbẹ̀ rí.

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ogójì ni tiwa. Ó ti rẹ òtítọ́ náà sọ́nà.

ÀBÚRÒ: Ìkan ṣì kù. Ká ní kọ̀ǹpútà Commodore ni Dádì rà ni, gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀mejì ni ìyẹn máa ń kọ sórí téèpù, à bá wo èkejì. Tó bá sì kọ ọ́ bí ètò BASIC lórí Spectrum yẹn, nọ́ńbà kan náà ì bá wà lọ́nà méjì, ọ̀kan fún ojú ènìyàn, ọ̀kan fún ìṣirò ẹ̀rọ. Lẹ́tà ló kọ, ó di ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ lè sọ púpọ̀ ju CD lọ. Mo ní rẹ́kọ́dà kan tí mo lè yí ṣukurúù orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bá ojú téèpù mu. Mo lè rọra tẹ́ ibi tó ṣẹ́. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà dà?

(Ẹ̀gbọ́n kò dáhùn.)

ÀBÚRÒ: Àǹtí mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Nígbà tí ilé iṣẹ́ tó gbà wọ́n sórí CD kó CD náà fún mi, mo da kásẹ́ẹ̀tì nù. Páálí méjì. Wọ́n ń gba àyè lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì rò pé ohun tó wà nínú wọn ti jáde. Mo tiẹ̀ tẹ́tí sí CD náà, ariwo ni, mo ní ariwo kan náà kọ́ ni?

ÀBÚRÒ: Kò sí ẹni tó sọ fún yín.

Ẹ̀GBỌ́N: Má bá mi wá àwáwí. Bí ọmọ abẹ́ mi bá da rìsíìtì nù kí àyẹ̀wò tó parí, mo mọ ohun tí mo máa ń kọ sínú fáìlì rẹ̀. Ẹlẹ́rìí kan tó kù, èmi ni mo gbé e fún àwọn akódọ̀tí. Èmi náà ni mo tún wá ń sọ fún ọ ohun tí o gbọ́dọ̀ ní ó wí.

ÀBÚRÒ: Ẹlẹ́rìí kan ṣì kù. A kò tíì bi wọ́n.

Ẹ̀GBỌ́N: Àǹkù Adé? Ẹni tọ́rọ̀ kàn gan-an?

ÀBÚRÒ: Ẹ má dárúkọ Ada fún wọn. Ẹ má sọ 10. Tí ẹ bá ti sọ ọ́, kò sí bí a ṣe máa mọ̀ mọ́ bóyá wọ́n rántí ni àbí ẹ̀yin lẹ fi sí wọn lẹ́nu.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwọ ni yóò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bi ènìyàn ní ìbéèrè? Gbé fóònù yẹn wá. Pa ariwo yìí.

(Ó tẹ nọ́ńbà. Ó dìde dúró.)

Ẹ káàsán sà. Èmi ni sà, àkọ́bí ọ̀rẹ́ yín ti Peckham. Bẹ́ẹ̀ ni sà. Rárá sà, n kò pè nítorí owó. Hẹn, ẹ má bínú sà, nítorí owó náà ni mo ṣe pè. Ohun kan wà tí mo ṣe tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún yín. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ka àwọn tí ẹ jọ dá àjọ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹni tí ẹ bá rántí.

(Ó na ọwọ́ sí àbúrò rẹ̀ fún bírò.)